Ìwé kún, orí ṣófo: bí a ṣe ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní àpérò àwọn tó ń kọ kóòdù

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ kóòdù, backend ni mo ń ṣe, ìyẹn apá ètò tí oníbàárà kì í fojú rí. Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ wa rán mi lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún ni mo jókòó sí, mi ò sinmi rárá, ìwé àkọsílẹ̀ mi kún dẹ́nu. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá mi ní kí n wá sọ ohun tí mo rí kọ́ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi wọhò. Ó ju ìdajì lọ nínú ohun tí wọ́n sọ tí kò yé mi, èyí tó yé mi náà, mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Wọ́n tún fẹ́ rán mi lọ lọ́dún yìí, yàrá mẹ́jọ ló sì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Ṣé orí mi ni kò pé ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo máa wọ̀? Àbí kí n kúkú jókòó sílé, kí n máa wo fídíò wọn nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde?"

Àbúrò mi, orí rẹ pé. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 45, mọ́kànlélógún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 16 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí orí tó máa gba ìyẹn dúró. Ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, tẹ ìwé jáde ní 1885 lórí bí a ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá rí i pé inú wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń fò lọ, kí ìyókù tó wá máa rọra lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ wá ń ki ọ̀rọ̀ mìíràn bọ orí kí èyí tó wà níbẹ̀ tó rí ibi jókòó sí. Ohun tí wọ́n sọ kò sọnù o, ìwé rẹ ló rántí ẹ̀, ìwọ kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, lójú tèmi, ni pé o mú àpérò bí ẹni mú iléèwé. Ní iléèwé, olùkọ́ mọ ohun tí o kọ́ lánàá, ó mọ ohun tí o máa kọ́ lọ́la, bí kò bá yé ọ, á tún un sọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní àpérò kò mọ̀ ọ́ rí. Ó ti tó oṣù mélòó kan sẹ́yìn tó fi àkọlé àti àlàyé ráńpẹ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀rọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, kò tíì kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an nígbà yẹn. (Èmi náà ti ṣe é rí. Mo kọ àlàyé kan tó dùn létí, wọ́n gbà á, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo máa sọ.) Lẹ́yìn náà, á wá fún iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì mọ́ inú ogójì ìṣẹ́jú. Kò lè kọ́ ọ níṣẹ́ náà láàárín ìgbà yẹn. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kó o mọ̀ pé nǹkan kan wà, ìdí tó fi wà, àti ibi tó ti máa ń já èèyàn kulẹ̀.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní PyCon, àpérò àwọn tó ń lo èdè kóòdù Python, ní Santa Clara, ní California, lóṣù kẹta 2013. Solomon Hykes bọ́ sórí pèpéle, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún fi ohun tí wọ́n ń pè ní Docker han àwọn èèyàn, irinṣẹ́ tó ń di kóòdù àti gbogbo ohun tó nílò pọ̀, kó lè ṣiṣẹ́ bákan náà níbikíbi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Kò sẹ́ni tó ti mọ Docker lò nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà níjókòó lọ́jọ́ yẹn tó ti ń jà á láti ọjọ́ pípẹ́, pé kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà òun kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá dé orí server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn), etí onítọ̀hún á ti dìde. Ẹni tó jókòó tì í lè máà rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Kì í ṣe pé ọpọlọ ẹnì kan ju ti èkejì lọ. Ọ̀kan gbé ìṣòro wá látilé, èkejì wá lọ́wọ́ òfìfo.

Nǹkan mìíràn tún ni pé ohun tí o ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ti jinná tán. Èrò ẹnì kan ni, lọ́jọ́ kan. Ní 2009, Ryan Dahl gbé Node.js, irinṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ kí èdè kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́ lórí server, wá sí JSConf EU, àpérò àwọn tó ń lo JavaScript, ní Berlin, àwọn tó wà níbẹ̀ dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 2018, ó padà wá sí àpérò kan náà, ohun mẹ́wàá tó kábàámọ̀ nípa Node ló wá ń kà. Láàárín ọdún méjèèjì, ní 2013, àwọn ará Facebook gbé React, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ohun tí oníbàárà ń rí lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, wá sí JSConf US, ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ọ fajú ro: kí ló dé tí ẹnì kan á fi po ohun tó jọ HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́ inú JavaScript? A rí ibi tí React dé lónìí, àìmọye èèyàn ló ń lò ó. Mi ò ní kó o máa fura sí gbogbo ohun tí o bá gbọ́ o. Àtẹ́wọ́ inú gbọ̀ngàn kò tó gbé ìpinnu kà, bẹ́ẹ̀ ni ìkùnsínú.

Èmi náà ti ṣe bí o ṣe ṣe, ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Ọdún tí ojú mi là, iléeṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn ní ìṣòro kan tí kì í jẹ́ ká sùn. Oníbàárà á sanwó lẹ́ẹ̀kan, ètò wa á yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ojoojúmọ́, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ìdí rẹ̀ ṣòro láti rí. Network á fà, fóònù oníbàárà ò ní rí èsì gbà, á tún ìbéèrè kan náà fi ránṣẹ́, ètò wa á sì kà á sí ìsanwó tuntun. Gbogbo ọgbọ́n tí à ń ta ni bí a ó ṣe dènà dè é kó má wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ìṣòro yìí sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé mi kí n tó kúrò nílé. Ìjókòó tó yẹ kó kàn mí jù nínú ìwé ètò wọn, èyí tó dá lórí owó sísan, kò wúlò fún mi rárá, ọjà ni wọ́n ń polówó níbẹ̀. Ibi tí mo ti rí i ni ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa bí ètò wọn ṣe ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àìmọye èèyàn. Ó kàn sọ gbólóhùn kan kọjá: ẹ má wulẹ̀ máa dènà kí iṣẹ́ kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, network ò ní gbà fún yín, ẹ ṣe é kó jẹ́ pé bó wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan ló máa jẹ́. Bí ẹni gbá mi létí ló rí. Mo lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ya àwòrán sẹ́yìn ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ mi: kí fóònù oníbàárà máa ṣẹ̀dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan kó tó fi ránṣẹ́, bó bá ní láti tún un fi ránṣẹ́, nọ́ńbà yẹn náà ni kó lò, kí database wa, ibi tí à ń kó àkọsílẹ̀ sí, má sì gbà kí nọ́ńbà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni mo jókòó sí lọ́dún yẹn, mi ò rántí ju méjì lọ nínú wọn lónìí, àmọ́ kò sí ẹni tí a yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Nítorí náà, má tíì ṣí ìwé ètò àpérò yẹn. Kọ́kọ́ mú bébà, kó o kọ ohun mẹ́ta tó ń dààmú yín níbi iṣẹ́. "Mo fẹ́ mọ Kubernetes" (irinṣẹ́ tó ń darí ètò lórí ọ̀pọ̀ server) kì í ṣe ìṣòro, ìfẹ́ ọkàn nìyẹn. "Bí a bá ń gbé kóòdù tuntun sórí server, ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú kó tó fìdí múlẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń rí àṣìṣe ní gbogbo àsìkò yẹn": ìyẹn ni ìṣòro. Bi àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè, nítorí ohun tó ń dààmú wọn lè má jẹ́ ohun tó ń dààmú ìwọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá ṣí ìwé ètò. Má fi àkọlé yàn. Àkọlé dà bí aṣọ òde, wọ́n rán an kí ojú lè yà sí i ni. Àlàyé abẹ́ rẹ̀ ni kó o kà, kó o wo ohun tí ẹni náà fẹ́ sọ: ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni, àbí ohun tó rò? Èyí tó bá ní "a ṣe báyìí, ó dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí, ohun tí a wá ṣe rèé", sáré lọ síbẹ̀. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, kòtò yẹn gan-an ni ohun tí o wá gbọ́. Èyí tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan, "ẹ wá ká jọ mọ nǹkan báyìí", fi sílẹ̀ fún fídíò. Èyí tó bá ń sọ bí iṣẹ́ wa ṣe máa rí ní ọdún mẹ́wàá sí i, bí o bá fẹ́ gbádùn ara rẹ, lọ, ṣùgbọ́n má gbé bírò dání.

Àmì tí wọ́n máa ń fi sára ọ̀rọ̀, pé ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tàbí ti àwọn ọ̀gá, má gbára lé e. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń yan àmì yẹn fúnra rẹ̀, ẹni tó sì ti wà nídìí nǹkan fún ọdún mẹ́jọ kì í mọ ohun tó le fún ẹlòmíràn mọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ àwọn onígbọ̀wọ́, àwọn tó sanwó kí wọ́n tó rí àyè sọ̀rọ̀, mi ò ní sọ pé kó o máa sá fún wọn. Nígbà mìíràn, àwọn tó kọ nǹkan náà gan-an ni wọ́n ń rán wá. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá tí wọn ò tíì dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí nǹkan wọn kò lè ṣe, ọjà ni. Keynote, ọ̀rọ̀ ńlá tí gbogbo èrò máa ń péjọ gbọ́, ńkọ́? Lọ, bó o bá fẹ́ràn àríyá. Nígbà tí Apple kéde Swift, èdè kóòdù tuntun wọn, níbi WWDC, àpérò wọn fún àwọn tó ń kọ kóòdù, ní 2014, kò sẹ́ni tó ń retí ẹ̀ níta, inú gbọ̀ngàn dùn láti wà lọ́jọ́ yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ayé ti gbọ́.

Yàrá tún máa ń kún. Ní FOSDEM, àpérò àwọn tó ń ṣe sọ́fíwíà ọlọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń ṣe ní Brussels lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó ń sanwó, kò sẹ́ni tó ń forúkọ sílẹ̀, àwọn yàrá kan sì kéré. Bí ó bá ti kún, wọ́n á lẹ àkíyèsí mọ́ ilẹ̀kùn, ó parí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wọlé nígbà ìjókòó tó ṣáájú èyí tí wọ́n ń wá. Ní tìrẹ, fi ọ̀kan ti èyí tí o bá yàn lẹ́yìn, bí èkíní bá kún, kó o mọ ibi tí o ń lọ. Má yàn ju mẹ́rin lọ lójúmọ́. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́ láti fi yàrá méje yòókù sílẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ìwọ mọ́kànlélógún lo lé.

Bí o bá wọlé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Harrison Owen, tó dá irú ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Open Space sílẹ̀, ní òfin kan tó ń jẹ́ òfin ẹsẹ̀ méjì: bí o bá wà níbi tí o kò ti rí nǹkan kọ́, tí ìwọ náà ò sì wúlò fún wọn níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ lọ síbòmíràn. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó bá ti hàn pé kì í ṣe ibi tí o ń wá nìyí, dìde jẹ́jẹ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ yàrá kékeré tí èèyàn méjìlá wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbọ̀n, àbúrò mi, jókòó parí ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Wàyí o, ohun tí kò yé ọ. O kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ìyẹn ló fi jọ pé ìwọ lo jẹ̀bi. Mo rí oríṣi mẹ́ta níbẹ̀. Ọ̀kan, o kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Ẹnì kan sọ "eventual consistency", o dúró síbẹ̀ ò ń ronú ohun tó jẹ́, ọ̀rọ̀ ti lọ fi ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o máa bá a lọ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, lálẹ́ ni kó o wá a. Èkejì, ẹni náà kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ń sọ èyí gbangba nítorí pé àwọn ọmọdé nínú iṣẹ́ kì í gbà pé ó ṣeé ṣe: èèyàn lè kọ database tó dára jù láyé kó má lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà jù: ọ̀rọ̀ náà yé ọ, ohun tí kò yé ọ ni ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òótọ́ lo rí. Iléeṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ńjíníà máa wá sọ bí wọ́n ṣe gé ètò kan ṣoṣo sí irínwó wẹ́wẹ́. Wọ́n gé e nítorí pé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ kan kóòdù kan náà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń gbá ara wọn. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ ò ní ìṣòro yẹn, bí ẹ bá lọ gbé oògùn rẹ̀ mì, àìsàn tuntun ni. Mo ti rí ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́rin tó ń tọ́jú ètò wẹ́wẹ́ mọ́kàndínlógún nítorí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wọn gbọ́ ní àpérò. Ìbéèrè tí mo máa ń bi nígbàkígbà ni: èèyàn mélòó ló ń tọ́jú nǹkan yìí lọ́dọ̀ yín? Ìdáhùn rẹ̀ máa ń la ojú ju gbogbo slide, àwọn ojú ewé tí wọ́n ń gbé sára ògiri nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, lọ.

Demo, ìyẹn kí wọ́n fi nǹkan hàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú èrò, bó bá lọ geere, má fi ojú wò ó bí ẹ̀rí. Wọ́n ti ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ bẹ́ẹ̀. Kódà èyí tí wọ́n múra ẹ̀ sílẹ̀ ń kùnà: ní oṣù kẹrin 1998, níbi COMDEX, ìpàtẹ ńlá fún kọ̀ǹpútà, wọ́n so scanner mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 98 lójú Bill Gates àti gbogbo èrò, ojú kọ̀ǹpútà náà di búlúù fẹ̀ẹ̀. Èyí tó kùnà níwájú mi ló máa ń kọ́ mi ní nǹkan jù, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí bí ẹni náà ṣe ń wá ìdí àṣìṣe.

Ohun tí wàá kọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó wà lójú slide. Wọ́n máa gbé slide jáde. Má sì máa gbé fóònù sókè ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, ìwọ náà mọ̀ pé o ò ní wò wọ́n. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ: ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀, ìbéèrè tó wá sí mi lọ́kàn, àti ohun tí mo lè gbìyànjú nílé. Nígbà mìíràn, ìlà mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀. Bí ẹni náà bá ń kọ kóòdù lójú gbogbo ènìyàn, má bá a tẹ̀ ẹ́. Ibi tí o bá ti ń wá àmì ìdánudúró tí o gbàgbé, ó ti kọjá ibi pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ fídíò tí o sọ bọ́gbọ́n mu ju bí o ṣe rò lọ. PyCon ń gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́, FOSDEM bẹ́ẹ̀, Apple bẹ́ẹ̀. Ní 2020, WWDC kò tilẹ̀ ní gbọ̀ngàn rárá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Fíìmù ọjọ́ tí Douglas Engelbart kọ́kọ́ fi mouse han nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn ní San Francisco, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968, ṣì wà títí dòní, ó sì dùn wò. O lè dá fídíò dúró, o lè dá a padà, o lè mú un yára, o lè wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kó o tó máa lọ. Fún ẹ̀kọ́ gan-an, fídíò dára ju àga inú yàrá lọ. Tí ó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ṣe lọ́dún yìí náà ni kó o máa ti inú yàrá kan bọ́ sínú òmíràn láti àárọ̀ dalẹ́, jókòó sílé, kó o ní kí ọ̀gá rẹ fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní pè ọ́. Bó bá sì jẹ́ owó ara rẹ ni, tí o máa yá lára rẹ̀, mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o lọ.

Ohun tí fídíò ò ní ni ẹnu ọ̀nà tí mo ti dúró de obìnrin yẹn. Ìjókòó tí o wọ̀ ló ń fún ọ ní ìdí tí o fi lè bá ẹni tí o kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ojú lè máa tì ọ́, ojú ń ti èmi náà. Ẹnì kan lójúmọ́ ni mo máa ń fi ṣe ìwọ̀n ara mi. Má béèrè níwájú gbogbo èrò bí o ò bá fẹ́, kúkú dúró títí àwọn yòókù fi máa lọ, kó o wá sọ ìṣòro rẹ ní gbólóhùn méjì, kó o bi í pé "kí lẹ kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè yìí kì í kùnà, nítorí pé ohun tí kò ṣiṣẹ́ kì í rí àyè nínú slide. Ní ìta, bí o bá rí àwọn tó dúró yí ká tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, sún mọ́ wọn. Eric Holscher, ọ̀kan lára àwọn tó dá Write the Docs, àpérò àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé sọ́fíwíà, sílẹ̀, ní òfin kan tó pè ní òfin Pac-Man, orúkọ eré kọ̀ǹpútà kan tí akọni rẹ̀ rí róbótó, tó sì máa ń la ẹnu sílẹ̀: bí ẹ bá dúró yí ká, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ bí ẹnu Pac-Man, kí ẹni tó ń kọjá lè wọlé. Níbi tí àyè yẹn bá wà, wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwọ ni.

Bí workshop, ìjókòó tí ẹ ó ti fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan, bá wà, wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n ní kó o fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ síbẹ̀ kó o tó kúrò nílé. Wi-fi àpérò ò ṣeé bá dá ọjọ́. PyCon tún máa ń ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn àpérò gan-an tí àwọn tó ń tọ́jú sọ́fíwíà ọlọ́fẹ̀ẹ́ máa ń jókòó papọ̀ kọ kóòdù, sprint ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń gba àlejò. Bí àpérò tìrẹ bá ní irú ẹ̀, fi ọjọ́ kan kún ìrìn àjò rẹ. Ó máa ti rẹ̀ ọ́ nígbà yẹn o.

Lálẹ́, kó o tó sùn, kọ gbólóhùn mẹ́ta fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé rẹ. Èyí tí o kò bá lè kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀, fagi lé e, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tí o bá padà, má ka àkọsílẹ̀ rẹ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ bí ẹni ń ka ìròyìn. Ohun tó jẹ́ kí ẹnu rẹ wọhò lọ́dún tó kọjá nìyẹn: ọ̀gá rẹ kò fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe. Mú ọ̀kan nínú ìṣòro mẹ́ta yẹn, kó o sọ ọ̀nà tí o gbọ́ pé àwọn ẹlòmíràn gbà yanjú rẹ̀, kó o sọ èyí tí kò bá ẹ̀yin mu àti ìdí, kó o wá béèrè fún ọ̀sẹ̀ kan láti dán ọ̀kan wò. Kó o dán an wò lóòótọ́, kí ọ̀sẹ̀ méjì má tíì kọjá.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì mọ ohun tó ń dà á láàmú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lo ń wá, tàbí o fẹ́ kúrò ní backend bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn, nǹkan yàtọ̀: máa wọ ibi tí o kò mọ̀ rárá, kí àwọn èèyàn sì ṣáájú ìjókòó. Mo sì ti lọ sí àpérò tí mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ tí mi ò rí nǹkan kan mú bọ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá nígbà tí àwọn tó yan ọ̀rọ̀ kò bá yàn án dáadáa. Bí o bá ti kọ ìṣòro mẹ́ta yẹn tán, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé ètò àpérò náà, màá sọ yàrá tí mo máa wọ̀ ká ní èmi ni.